Ooru Ìlú Ńlá àti Ohun Ẹlẹ́mìí
Àárín ìlú ńlá máa ń gbóná ju ìgbèríko tó yí i ká lọ. Ní Èkó, kọnkéré àti ọ̀dà títì ń gba ooru lọ́sàn-án, wọn a sì tú u sílẹ̀ lóru. Àwọn kan á ní ooru ti mọ́ igi ilẹ̀ wa lára. Lóòótọ́ ni, bí omi bá wà. Máńgòrò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí nídìí kì í rí omi òjò fà tó. Á pa ihò ewé rẹ̀ dé, oúnjẹ tó ń ṣe á dín kù, èémí tí igi náà ń mí lóru gbígbóná á tún jẹ nínú ìwọ̀nba oúnjẹ náà. Ẹ̀fọn Aedes aegypti, tó ń yé sínú táyà olómi, ní tirẹ̀ ń yára dàgbà nínú ooru tí kò bá pọ̀ lápọ̀jù.