Àjàkálẹ̀-àrùn nínú Bíbélì

Àjàkálẹ̀-àrùn kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo nínú Bíbélì. Ìdájọ́ ni eéwo tó bo àwọn ará Íjíbítì nínú Ẹ́kísódù orí 9. Nígbà tí Dáfídì ka àwọn ènìyàn rẹ̀, àjàkálẹ̀-àrùn pa 70,000 nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú Jòhánù orí 9, Jésù kọ̀ láti di ẹ̀bi ìfọ́jú ọkùnrin kan ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tàbí ti àwọn òbí rẹ̀.

Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá náà dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn influẹ́ńsà gba Èkó wọ ilẹ̀ wọn ní 1918. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣádárẹ àti Sophia Ọdúnlámì gbára lé àdúrà àti omi òjò. Ẹgbẹ́ àdúrà wọn, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, gbòǹgbò ìjọ Christ Apostolic Church, kọ oògùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bíbélì kan náà, nínú Kólósè 4:14, pe Lúùkù ní oníṣègùn.