Òǹwòran Tí A Kò Kà: Obìnrin, Eré Ìdárayá àti Iṣẹ́ Ìròyìn

Àwíjàre méjì ló máa ń jáde bí a bá béèrè ìdí tí eré ìdárayá obìnrin fi ṣọ̀wọ́n lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú ìwé ìròyìn. Èkíní ni pé àwọn èèyàn kì í fẹ́ wò ó. Èkejì ni pé àwọn obìnrin fúnra wọn kò bìkítà fún eré ìdárayá, pé bí ọkọ bá ti tan bọ́ọ̀lù, ìyàwó á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ńṣe ni àwíjàre méjèèjì fẹ̀yìn ti ara wọn, ibì kan náà ni wọ́n sì dé sí: pé òǹwòran ló kọ́kọ́ kọ̀ kí oníròyìn tó kẹ̀yìn. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ló sún mọ́ òtítọ́. Aláṣẹ eré àti oníròyìn ló ń kó òǹwòran jọ, àwọn náà ló sì ń tú wọn ká.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1920, nǹkan bí 53,000 èèyàn ló kún pápá Goodison Park ní ìlú Liverpool láti wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin méjì, Dick, Kerr Ladies àti St Helens Ladies. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn ló dúró síta tí wọn kò ráyè wọlé. Àwọn ọmọbìnrin Dick, Kerr jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Preston tó ń ṣe ohun ìjà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó tí eré wọn ń mú wọlé sì ń lọ sí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1921, àjọ FA tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹgbẹ́ kankan tó wà lábẹ́ òun kò gbọdọ̀ fún obìnrin ní pápá mọ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àṣẹ yẹn fi múlẹ̀. Àwọn obìnrin kò ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọn kò rí pápá ńlá lò mọ́, bí kò bá sì sí pápá tí èrò lè jókòó sí, akọ̀ròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ní ọdún 1960 pé kò sẹ́ni tó ń wo bọ́ọ̀lù obìnrin ní England kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́, àmọ́ àṣẹ ló sọ ọ́ di òótọ́.

Ìdíje Olympics ti Atlanta lọ́dún 1996 yẹ ká dúró sórí rẹ̀ pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òǹwòran àti ọ̀rọ̀ ẹni tí à ń wò ti pàdé ní gbangba. Ọdún yẹn ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àwọn obìnrin kọ́kọ́ wọ Olympics. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, èrò tó lé ní 76,000 jókòó sí Sanford Stadium ní ìlú Athens, ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n ń wo bí Amẹ́ríkà ṣe fi góòlù méjì sí ẹyọ kan na Ṣáínà ní àṣekágbá. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC, tó ni ẹ̀tọ́ láti gbé ìdíje náà sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò fi eré náà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbùbù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń já sí àwọn tó wà nílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, NBC yìí kan náà mọ̀ dájú pé obìnrin pọ̀ lára àwọn tó ń wo Olympics, wọ́n sì dìídì ṣe ètò wọn láti fà wọ́n mọ́ra: ìtàn ìgbésí ayé àwọn eléré, omijé ìyá, àwọn ọmọdébìnrin tó ń tàkìtì. Iléeṣẹ́ náà ti pinnu irú eré tí obìnrin á fẹ́ràn kí obìnrin tó la ẹnu. Bọ́ọ̀lù kò sí lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló ń gbá a.

Ìdíje yẹn kan Nàìjíríà náà gbọ̀ngbọ̀n. Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré 400 mítà, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, èyí tó di rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, Chioma Ajunwa fo mítà 7.12 nígbà àkọ́kọ́ tó fò, kò sì sí ẹlòmíràn tó bá a. Òun ni ó fún Nàìjíríà ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ nínú ìtàn Olympics, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú eré fífò tàbí jíjù. Lọ́jọ́ kejì, ní Sanford Stadium tí àwọn obìnrin ti gbá àṣekágbá tiwọn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Nàìjíríà fi 3-2 na Ajẹntínà. Ìlú dàrú fún ayọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá ti dárúkọ Atlanta, Kanu, Okocha àti Amuneke ló máa ń bọ́ sẹ́nu àwọn èèyàn. Ajunwa kò lò ju ọjọ́ kan lọ lórí ìtẹ́. Kì í ṣe pé wúrà tirẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ló tilẹ̀ ṣíwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù ọkùnrin ti ní èdè tirẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi Ernest Okonkwo ti fi ohùn kọ́ àwọn ará ilé bí a ṣe ń rí góòlù láì sí níbẹ̀, tí wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lórúkọ ìnagijẹ, tí ọmọdé ń sín wọn jẹ lójú títì. Ta ló ṣe irú rẹ̀ fún fífò jìnnà? Ta ló ṣe é fún ẹgbẹ́ obìnrin tó lọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ní Ṣáínà lọ́dún 1991, tí Ajunwa yìí kan náà wà lára wọn?

Ní Los Angeles, àwọn olùwádìí tí Michael Messner àti Cheryl Cooky wà lára wọn ti ń fi aago ka ìṣẹ́jú tí ìròyìn eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n ń lò fún obìnrin láti ọdún 1989. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá lọ́dún náà. Ó gòkè dé 8.7 lọ́dún 1999, ó já wálẹ̀ sí 1.6 lọ́dún 2009, ó jẹ́ 3.2 lọ́dún 2014, nígbà tó sì di 2019, ó padà sí 5.4. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣeré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń pọ̀ sí i, ọpẹ́lọpẹ́ òfin Title IX ti ọdún 1972, tó kà á léèwọ̀ láti ya obìnrin sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Eléré ń pọ̀, òǹwòran ń pọ̀, ìṣẹ́jú orí afẹ́fẹ́ kò kúrò níbi tó wà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé oníròyìn kàn ń tẹ̀ lé ohun tí ará ìlú ń fẹ́ ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí náà rí ohun mìíràn tó ju òǹkà lọ. Láyé ìṣáájú, wọ́n máa ń fi eléré obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dípò eré rẹ̀. Ìyẹn dín kù. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ìròyìn tí kò níyọ̀: wọ́n á ka èsì eré obìnrin bí ẹni ń ka iye owó gaàrí, tí ti ọkùnrin bá sì kàn, ohùn á gòkè, àpèjúwe á dùn, àwàdà á wọlé. Kò sí èébú níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí, síbẹ̀ òǹwòran ti gbọ́ ohun tí ohùn náà ń sọ, pé èyí kò ṣe pàtàkì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ya àwòrán náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Eré tí kámẹ́rà méjì péré ń yà látòkèèrè, tí a kì í tún góòlù rẹ̀ fi hàn ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn, á dà bí eré tó ń falẹ̀. Òǹwòran á sọ pé eré náà ni kò dùn.

Ní ti pé obìnrin kì í wòran, ìwádìí Stacey Pope, tó jáde ní ìwé lọ́dún 2017, tako èyí. Ó bá àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester City àti ẹgbẹ́ rọ́gíbì Leicester Tigers sọ̀rọ̀. Ó bá àwọn obìnrin pàdé láàárín wọn tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ wọn ni òpó ìgbésí ayé wọn, tí ọjọ́ eré ń pinnu bí ọ̀sẹ̀ wọn ṣe máa rí. Ẹ̀rí tó le jù wá láti Ìráànì, níbi tí wọ́n ti dí obìnrin lọ́nà pápá bọ́ọ̀lù láti ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1979. Àwọn ọmọbìnrin ń lẹ irùngbọ̀n, wọ́n ń wọṣọ ọkùnrin, kí wọ́n lè ráyè wọlé. Jafar Panahi fi èyí ṣe fíìmù Offside lọ́dún 2006. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Sahar Khodayari, tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ Esteghlal, kú lẹ́yìn tó dáná sun ara rẹ̀, nítorí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ pé ó gbìyànjú láti wo bọ́ọ̀lù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin láti wo Ìráànì àti Kàm̀bódíà ní pápá Azadi. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà ka irú ìfẹ́ yìí sí àìbìkítà.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo ìjàkadì ayé àtijọ́, obìnrin wà lára àwọn tó ń kọrin, tó ń ki ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ní suwé àti tẹ́ńtẹ́ń, wọ́n sì ní òǹwòran tiwọn lójúde. Ìdènà tó wà lónìí, wákàtí àti àyè ló dá a. Ilé ìwòran tí àwọn èèyàn ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ agbo ọkùnrin: bẹ́ǹṣì fífún, ariwo, tẹ́tẹ́, alẹ́ tó ti ṣú. Wákàtí yẹn sì ni oúnjẹ alẹ́, ọmọ wíwẹ̀ àti ọjà ìrọ̀lẹ́ ń dúró de obìnrin. Síbẹ̀ ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran mọ ìgbà tí góòlù wọlé, ó sì lè sọ ẹni tó gbá a sáwọ̀n. Aránṣọ ń gbọ́ rédíò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ka òǹwòran kò ní ka èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ iye tó bá kà ni onípolówó ọjà á gbà gbọ́.

Fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdènà yìí. Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, aago kan òru ti kọjá ní Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ló fi parí ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó tún sá 12.06 ní àṣekágbá, àmọ́ atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn ti kọjá ohun tí òfin gbà, wọn kò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ló jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti rí i láàárọ̀, ní àbùbù tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà fóònù, kò sì sí bẹ́ǹṣì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àbùbù kì í sọ ìtàn: ó ń fi ìṣẹ́gun hàn, kì í fi ọ̀nà tí a gbà débẹ̀ hàn.

Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, mọ àìsí ìtàn yìí dáadáa. Láti 1998 sí 2018, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n gba ife Áfíríkà. Lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n gba èyí tó wáyé ní Cameroon, ńṣe ni wọ́n kọ̀ láti kúrò ní hótẹ́ẹ̀lì ní Àbújá títí wọn yóò fi gba owó tó tọ́ sí wọn. Ìjà owó náà wọ ojú ìwé àkọ́kọ́ kíákíá. Bí a ṣe gbá bọ́ọ̀lù tó mú ife náà wá kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní àṣekágbá ife Áfíríkà tó wáyé ní Rabat, Mòrókò ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n wọn kí wọ́n tó gba ìsinmi. Esther Okoronkwo, Folashade Ijamilusi àti Jennifer Echegini dá mẹ́ta padà, ife kẹwàá sì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba gbà wọ́n tìlù-tìfọn, pẹ̀lú owó, ilé àti oyè orílẹ̀-èdè.

Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, èèyàn 87,192 ló wo àṣekágbá ife Yúróòpù àwọn obìnrin láàárín England àti Jámánì ní Wembley. Kò tíì sí àṣekágbá ife Yúróòpù, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Èrò náà kò ṣàdédé wá. Láti sáà 2021 ni Sky àti BBC ti ń fi líìgì àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní wákàtí tí ará ilé lè mọ̀, pẹ̀lú alálàyé ṣáájú àti lẹ́yìn eré. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti di mímọ̀ kí ilẹ̀kùn Wembley tó ṣí. Bí Barcelona ṣe kó èèyàn 91,648 jọ sí Camp Nou ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 náà nìyẹn, nígbà tí wọ́n gba Wolfsburg lálejò. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona nígbà náà.

Kí Oshoala tó di ẹni tí gbogbo ayé ń wò, FC Robo ti Èkó ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ yẹn náà ni Rasheedat Ajibade, balógun tó gbé ife Rabat sókè, ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí òkèèrè. Àwọn méjèèjì ti ń sáré lórí pápá ní Èkó, láàárín èrò tí ì bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, lọ́pọ̀ ọdún kí tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù tó wá fi wọ́n han àwọn ará ilé wọn.