Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, orí idẹ Ilé-Ifẹ̀: Bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1753 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó dá British Museum sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹrù tí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Hans Sloane kó jọ nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 71,000. Lára owó tí ọkùnrin náà fi kó wọn jọ ni èrè oko ìrèké ìyàwó rẹ̀ ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1759 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fún àwọn èrò ìwòran. Lónìí, ohun tí ó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 8, ṣùgbọ́n nǹkan bí 80,000 péré ni wọ́n pàtẹ. Ìyókù wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí.

Bí àlejò bá ti ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀, bí ìgbà tí ó ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni: Íjíbítì, Gíríìsì, Ṣáínà, Mẹ́síkò, títí dé àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀nà náà gan-an ni àríyànjiyàn sì dá lé lórí.

Àwọn ọmọ ogun Faransé ni wọ́n rí òkúta Rosetta ní Íjíbítì ní ọdún 1799. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní 1801, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ nínú àdéhùn. Lára òkúta yìí ni Champollion ti rí ojútùú sí ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Íjíbítì ní 1822. Ní ti àwọn ère mábù ara tẹ́ńpìlì Parthenon ní Áténì, àwọn òṣìṣẹ́ Lord Elgin ni wọ́n yọ wọ́n láàárín 1801 sí 1805, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rà wọ́n ní £35,000 ní 1816. Ilẹ̀ Gíríìsì kò yé béèrè wọn. Ère òkúta Hoa Hakananai'a, tí ó ga ju mítà 2 lọ, ni àwọn ọmọ ogun ojú omi gbé ní Rapa Nui ní 1868.

Ti Bìní kò ní àlàyé púpọ̀: ogun ni. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà ní 1897, wọ́n kó ààfin. Èyí tí ó lé ní 900 nínú ohun Bìní wà ní British Museum. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun ní ìbòjú eyín erin Ìyọbà Idia fún FẸ́SÍTÁÀKÌ 1977, wọn kò gbà.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó sì gbé ní Ìsẹ̀, ni ó gbẹ́ ẹ fún Ògògà ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Abala kan fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Abala kejì fi Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, hàn bí àwọn aláàárù ti gbé e bọ̀, tí àwọn mìíràn ru ẹrù. Iṣẹ́ ọnà náà jinlẹ̀ nínú igi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ère yọ síta bí ẹni fẹ́ jáde. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ọba ni ó jókòó jẹ́ẹ́, òyìnbó ni ó wá bá a.

Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò gba owó. Ohun tí ó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn lè jiyàn bóyá pàṣípààrọ̀ náà bára mu, nítorí abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni Ìkẹ́rẹ́ wà nígbà náà. Síbẹ̀, ọba ni ó dárúkọ ohun tí òun fẹ́.

Orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ní 1938 ni àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ bá àwọn orí náà pàdé nínú ilẹ̀. Bate, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times nígbà náà, ra ọ̀kan, ó sì tà á. Ó dé British Museum ní 1939. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, náà ra méjì, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà ní 1950. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò tí ì padà.

Òfin ọdún 1963 ni kò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ alámòójútó British Museum yọ̀ǹda ohun ìní wọn, àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀. Àwọn mìíràn tí òfin yìí kò dè ti dá tiwọn padà: Jámánì fún Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ohun Bìní ní 2022, Netherlands sì dá 119 padà ní 2025. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni ààbò wà kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti 2023, nígbà tí British Museum fúnra rẹ̀ kéde pé nǹkan bí 2,000 ohun ìní ni wọ́n ti jí, tí ó sọnù, tàbí tí ó bàjẹ́. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni yíyá: ní 2024, British Museum àti Victoria and Albert Museum yá ààfin Manhyia ní Kùmásí ní àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wúrà Àṣáńtì, fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò padà sí Lọ́ńdọ̀nù.