Gèémù Apá Kejì: Ìròyìn tí Táyé Mú Wá fún Kẹ́hìndé

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ ìbejì. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn, bóyá kò dùn. Ìgbà tí Táyé bá ké ni Kẹ́hìndé tó tẹ̀lé e. Bí a bá wo ìtàn gèémù láti 1980 títí dòní, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá kejì ṣe máa ń wá. Apá kìn-ín-ní lọ tọ́ ayé wò. Àwọn èèyàn gbá a, wọ́n gbóríyìn fún un, wọ́n bú u, wọ́n rí ibi tó ti ń jò. Ìròyìn yẹn ló yẹ kí apá kejì gbọ́ kó tó jáde.

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí, kóòdù là ń kọ jẹun. Tí iṣẹ́ bá parí, tí iná bá sì wà, a máa ń gbá gèémù. Láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a ti pinnu pé a ò ní gbá apá kejì kankan láìkọ́kọ́ gbá apá kìn-ín-ní rẹ̀. Ohun tí a rí ló fa àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún apá kejì ló ń mú un dára. Ohun tó ń mú un dára ni pé àwọn tó ṣe é gbọ́ ohun tí apá kìn-ín-ní ti kọ́ àwọn tó gbá a. Ẹ̀yin náà á ti wo fíìmù tó ní ká máa retí apá kejì, tí apá kejì wá dé, tó jẹ́ pé apá kìn-ín-ní ni wọ́n tún fi ìdajì rẹ̀ hàn wá. Gèémù náà ní irú ẹ̀, ó pọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Pac-Man. Ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Namco ní Japan gbé e jáde, Toru Iwatani ló darí iṣẹ́ náà. Ẹnu róbótó kan ń jẹ àmì kéékèèké kiri ojú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, iwin mẹ́rin sì ń lé e. Iwin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Èyí pupa ń lé ọ tààrà. Òmíràn ń lọ dè ọ́ níwájú. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé tó bá sún mọ́ ọ tán, á yí padà, á sá lọ. Kóòdù kékeré báyìí ló gbé gbogbo ẹ̀ ró, ó sì ń dùn mọ́ wa nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n bí o bá rin ọ̀nà kan náà lọ́nà kan náà, àwọn iwin náà á rin ìrìn àná wọn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn há ọ̀nà wọn sórí bí ẹni há àlífábẹ́ẹ̀tì sórí, wọ́n ń fi owó ẹyọ kan ṣoṣo gbá a fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ò rí owó pa, ẹni tó ń gbá a náà ò bẹ̀rù mọ́.

Ta ló wá gbọ́ ìròyìn yẹn? Kì í ṣe Namco. Àwọn ọ̀dọ́ kan ni, tí wọ́n fi yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ láìparí, tí wọ́n dá General Computer Corporation sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe bọ́ọ̀dù kan tí èèyàn lè so mọ́ ẹ̀rọ Missile Command kí gèémù náà lè le sí i, Atari sì pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1981. Wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbà pé àwọn ò ní ta irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ ẹni tó ni gèémù. Ṣùgbọ́n òmíràn ti wà lọ́wọ́ wọn, Crazy Otto, tí wọ́n ṣe fún Pac-Man. Wọ́n gbé e tọ Midway lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ta Pac-Man ní Amẹ́ríkà, Midway sì rà á. Òun ló di Ms. Pac-Man ní 1982. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo di mẹ́rin, èso bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ìrìn àwọn iwin náà sì ní àìròtẹ́lẹ̀ díẹ̀ nínú. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo àyípadà yẹn, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló ń dáhùn, pé "a ti há a sórí." A gbá méjèèjì láìpẹ́ yìí, èyí àbúrò náà la padà sí.

Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbọ́ ìròyìn kó gbọ́ ọ́ lódì. Ní 1985, Nintendo gbé Super Mario Bros. jáde. Ní 1986, apá kejì dé ní Japan, Takashi Tezuka ló darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn Táyé ni pé àwọn èèyàn ti mọ gèémù náà gbá jù. Wọ́n wá le é. Olú tó máa ń sọ Mario di ńlá wá ní ẹnìkejì tó jẹ́ olóró, tí o bá fọwọ́ kàn án, ó bá ọ. Ọ̀nà àbùjá tó yẹ kó gbé ọ síwájú, ó lè dá ọ padà sẹ́yìn. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì Nintendo ní Amẹ́ríkà wò ó, wọ́n ní ó ti le jù fún àwọn oníbàárà àwọn.

Wọ́n wá ṣe nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín. Gèémù mìíràn wà ní Japan tó ń jẹ́ Doki Doki Panic, ọdún 1987 ló jáde, Mario ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n yí orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ padà sí Mario, Luigi, Toad àti ọmọbìnrin ọba, wọ́n sì tà á ní Amẹ́ríkà ní 1988 gẹ́gẹ́ bí Super Mario Bros. 2. Níbẹ̀, o ò ní fo lé ọ̀tá lórí kó kú. Ṣe lo máa hú nǹkan ọ̀gbìn nílẹ̀, kí o sì sọ ọ́ lù ú. Nígbà tó yá, Japan náà gbà á, wọ́n pè é ní Super Mario USA. Èyí tó le ní tirẹ̀, ọdún 1993 ló tó dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí The Lost Levels. Èrò tiwa? Gèémù tó le yẹn, ìjẹ́wọ́ agbára ni. Ó ń bá ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá sọ̀rọ̀, kò ní nǹkan tuntun tó fẹ́ sọ fún un. Ọmọ àgbàtọ́ yẹn ló mú nǹkan tuntun wọlé: àwọn mẹ́rin tí o lè yàn láàárín wọn, tí fífò àti agbára wọn ò dọ́gba.

Àwa tí a ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì mọ orúkọ Fred Brooks. Òun ló darí iṣẹ́ OS/360 ní IBM, ó sì kọ ìwé The Mythical Man-Month ní 1975. Nínú ìwé náà, ó kìlọ̀ pé iṣẹ́ kejì tí èèyàn máa ṣe ló léwu jù. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà ọ́, o ń rọra, gbogbo èrò tó bá ṣẹ́yọ lo ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó di ìgbà mìíràn. Tó bá wá kan iṣẹ́ kejì, gbogbo èrò tí o tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lo máa kó dà sínú ìkòkò kan. Ẹni tó bá ti kọ áàpù rí mọ ohun tí Brooks ń sọ.

Ìdí nìyí tí The Legend of Zelda: Tears of the Kingdom fi yà wá lẹ́nu. Breath of the Wild jáde ní 2017. Èrò tó ṣẹ́kù fún àwọn tó ṣe é pọ̀ débi pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní àfikún kékeré di odindi gèémù, tó jáde ní May 2023. Gbogbo àmì àìsàn tí Brooks júwe ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lo ilẹ̀ Hyrule kan náà tí a ti gùn, tí a ti rìn já, wọ́n kàn fi òfurufú àti abẹ́ ilẹ̀ kún un. Ohun tí Táyé sọ fún wọn ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi ọgbọ́n ara wọn yanjú nǹkan lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Wọ́n wá fún ẹni tó ń gbá a lágbára láti lẹ nǹkan pọ̀: pákó, táyà, fáànù, kó di ọkọ̀, kó di afárá. A rí abẹ́ ilẹ̀ yẹn bí ibi tó tóbi ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n agbára lílẹ nǹkan pọ̀ yẹn tó fún wa láti dárí jì wọ́n.

Hollow Knight: Silksong náà nìyẹn. Team Cherry, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Adelaide, Australia, ló gbé Hollow Knight jáde ní 2017. Àfikún ni Silksong náà fẹ́ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2019, ó sì di September 2025 kó tó dé. Àwọn tó fẹ́ rà á lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Steam dákú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, igbe gbòde: ó ti le jù! Àwọn tó ṣe é tilẹ̀ dẹ okùn fún méjì nínú àwọn ọ̀gá ọ̀tá ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ Mario ti 1986 ló tún padà wá? Lójú tiwa, rárá. Líle tibí yàtọ̀, torí ara tuntun ni wọ́n fún wa. Hornet ń yára ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, ó ń ju ara rẹ̀ lu ọ̀tá ní ìdábùú, ó sì ń wo ara rẹ̀ sàn lẹ́ẹ̀kan náà lójú ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ gbá a bó ṣe gbá ti tẹ́lẹ̀ ló máa jìyà. Lẹ́yìn ìjìyà yẹn, ẹsẹ̀ wa mọ ijó tuntun.

Lẹ́yìn ìbejì, Ìdòwú ni. Lẹ́yìn Ìdòwú, Àlàbá. Àwọn gèémù bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi bíbímọ ọdọọdún ṣiṣẹ́. FIFA ti EA bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ó ń jáde lọ́dọọdún títí di FIFA 23, kó tó yí orúkọ padà sí EA Sports FC ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù gèémù ní Ìbàdàn tàbí Èkó láyé PS2, níbi tí wọ́n ti ń sanwó lórí eré kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí wọ́n bá nà á dìde. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni Pro Evolution Soccer ti Konami ti jọba. Tí ọdún bá yí, àwọn ọlọ́wọ́ ọgbọ́n ń pààrọ̀ orúkọ àti jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú gèémù àtijọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí pléètì, wọ́n ń tà á ní tuntun. Òfin ò gbà wọ́n láyè o, àmọ́ wọ́n sọ òtítọ́ kan: lọ́pọ̀ ọdún, orúkọ àti jẹ́sì náà ni gbogbo ohun tó yí padà.

Ó ṣeé ṣe fún wọn torí pé pléètì wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀ràn gan-an nìyí. Overwatch ti Blizzard jáde ní 2016, owó ni wọ́n fi rà á. Ní October 2022, Overwatch 2 dé, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọlé, wọ́n pa server ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ẹlẹ́ni-mẹ́fà di ẹlẹ́ni-márùn-ún, ẹni tó sì fẹ́ràn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ò níbi tó máa lọ. Ipò ìtàn ńlá tí wọ́n fi kéde apá kejì, wọ́n sọ ní 2023 pé àwọn ò ní lè ṣe é bí àwọn ṣe ṣèlérí. Ti The Crew, gèémù mọ́tò Ubisoft tó jáde ní 2014, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n pa server rẹ̀ ní March 2024, ẹni tó rà á ò lè wa mọ́tò nínú rẹ̀ mọ́, kódà kó dá nìkan wà. Ìyẹn ló bí ìpolongo Stop Killing Games, tí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù kọjá mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lù ní 2025. Ubisoft náà ṣèlérí pé àwọn gèémù The Crew tó tẹ̀lé e á ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Igbe àwọn èèyàn ò já sásán.

Nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, àwọn òbí á ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ère fún un. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á bù fún un nínú oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé nígbà tí ìkejì ṣì wà láyé, kí a gbàgbé èyí tó lọ. Ní 2023, Video Game History Foundation ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé 87 nínú 100 gèémù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010 ni kò sí lọ́jà mọ́. Ère wo la gbẹ́ fún ìyẹn?

Gbogbo ohun tí a sọ lókè yìí, a lè sọ ọ́ nítorí pé a ráyè gbá méjèèjì ni. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí lè fi Pac-Man wé Ms. Pac-Man lọ́la. Kò ní lè fi Overwatch ti 2016 wé àbúrò rẹ̀ láé, àfi kó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu àgbà. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé fífi ọ̀nà sílẹ̀ kí gèémù lè dá dúró láìsí server kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan, pàápàá tí a kò bá rò ó mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí á máa rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní pléètì PES tàbí kásẹ́ẹ̀tì Mario àtijọ́ nínú àpótí nílé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ nù ún, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àbúrò yín gbá a wò kí wọ́n tó ra tuntun.