Abẹ àti Ìkúnlẹ̀: Ojú tí Àwọn Aboyún Ilẹ̀ Yorùbá fi ń wo Ìbímọ Oníṣẹ́-abẹ

Orúkọ àmútọ̀runwá jẹ́ àkójọ ìmọ̀ àwọn Yorùbá nípa ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sáyé. Ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wá ni Ìgè. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Samuel Johnson to ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ti ọmọ tí a la ikùn ìyá rẹ̀ gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún le fún abẹ ju èyí lọ ni 'ìkúnlẹ̀'. Ọjọ́ ìbímọ ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ìyá fi ń bẹ ọmọ tí ó ti dàgbà, òun náà ni ó fi ń ṣépè fún aláìgbọràn. Obìnrin tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun, kò kúnlẹ̀. Nígbà náà, kí ni yóò fi bẹ ọmọ náà lọ́la? Ìbéèrè yìí wúwo ju bí àwọn tí ń pín ìwé ìbéèrè fún aboyún ti rò lọ.

Èrò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò mọ iṣẹ́ náà rí kò tọ̀nà. Ní 1879, Robert Felkin, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, fojú rí i ní Bunyoro, ní ibi tí à ń pè ní Uganda lónìí: ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi fọ ọwọ́ àti ikùn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ojú ọgbẹ́ dé, ìyá yè, ọmọ yè. Ní Yúróòpù, 1882 ni Max Sänger tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdí rírán ilé-ọmọ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ òyìnbó ni iṣẹ́ náà ti dé ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Ti Yunifásítì ní Ìbàdàn ṣí ní 1957. Ta ni wọ́n ń là níbẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin tí ó ti rọbí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ agbẹ̀bí ni, tí agbára ti tán nínú rẹ̀, tí kòkòrò àrùn ti wọ ilé-ọmọ. Bí ó bá kú, ohun tí ará ilé rí ni pé wọ́n là á, ó sì kú. Òótọ́ ni wọ́n rí. Ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì mú. Ìbẹ̀rù náà, nígbà náà, kì í ṣe àìmọ̀kan. Àwọn dókítà pàápàá ní ìbẹ̀rù tiwọn: bí ẹni tí a ti là lẹ́ẹ̀kan bá rọbí nílé nígbà kejì, ilé-ọmọ lè ya. Nítorí èyí ni àwọn kan nínú wọn, ní ilẹ̀ olóoru, fi fara mọ́ lílà oríkèé egungun iwájú ìbàdí dípò ikùn.

Ìsọjí 1930 ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tún dá kún un. Nínú àwọn ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tí ó tẹ̀ lé e, àdúrà 'bí wẹ́rẹ́' di òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́. Abẹ wá dà bí ẹ̀rí pé àdúrà kò gbà.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Láàrin 1979 sí 1983, ìjọba ẹgbẹ́ Unity Party of Nigeria pèsè ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, sísan owó di dandan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 3 nínú 100 ni a fi abẹ gbé ní gbogbo Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ ìlera àgbáyé ti fi òpin rẹ̀ sí 10 sí 15 ní 1985. Aboyún nìkan kọ́ ni ó sì ń pinnu. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ọkọ tàbí ẹbí ni a ń retí kí ó buwọ́ lùwé. Bí ìyá ọkọ bá sì ń retí ìròyìn 'ó bí wẹ́rẹ́' nílé, ìbuwọ́lùwé náà lè di ọjọ́ kejì.