Tí tẹlifóònù bá kún: bí a ṣe lè rí ààyè nínú rẹ̀

Tí tẹlifóònù wa bá kọ «Espace de stockage insuffisant», inú rẹ̀ ti kún nìyẹn. Fọ́tò kò ní wọlé mọ́, ohùn táwọn ará ilé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà lè má wọlé.

Kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò pàtàkì sí «carte mémoire» tàbí «clé USB». Fọ́tò òbí tó ti lọ, a kì í rí i rà lọ́jà.

Lẹ́yìn náà:

1. Nínú WhatsApp, ẹ tẹ «Paramètres», «Stockage et données», «Gérer le stockage». Ibẹ̀ la ti ń rí ẹgbẹ́ tí fídíò rẹ̀ gba ààyè jù. Ẹ pa èyí tí kò wúlò rẹ́.

2. Ẹ yọ «application» tẹ́ ẹ kì í lò kúrò.

3. Ẹ da ohun tó wà nínú «Corbeille» nù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọ́tò tá a pa rẹ́ ṣì ń gba ààyè níbẹ̀.

4. «Vider le cache» kò léwu. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún «Effacer les données»: tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ́ fún WhatsApp láìṣe «Sauvegarde», gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti bá èèyàn sọ níbẹ̀ lè lọ pátápátá.