Ta Ló Ni Ojúde?

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́fà kan fẹ́ ṣe alẹ́ ewì ní gbọ̀ngàn ọ̀dọ́ kan n'Íjẹ̀bú-Òde. A ti dáwó, a ti rí onílù, ẹni tó máa dín púfúpúfú gan-an ti wà nílẹ̀. Bàbá tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wò wá látòkè délẹ̀, ó ní, "Àgbà wo ló rán yín?" A ní, "Kò sẹ́ni tó rán wa, sà." Ó ní ká lọ mú àgbà wá. Bí gbọ̀ngàn ṣe bọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Ẹ jẹ́ kí n ro ìtàn díẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ náà.

Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wò yìí, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Lọ́dún 1892 làwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Lọ́dún 1902, Balógun Kúkù, ọ̀kan nínú àwọn ológun ńlá ìlú, gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn Mùsùlùmí a máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Díẹ̀díẹ̀, ìdúpẹ́ pẹ̀lú ẹṣin àti ìlù di àjọ̀dún, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe sì bá wọn dá sí i.

Ṣùgbọ́n ta ló ń kún ojúde náà? Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni! Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìjẹ̀bú ti ń kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra jọ sí ẹgbẹ́, tọkùnrin tobìnrin. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ló sọ ètò náà dọ̀tun. Ẹ sì gbọ́ ná: ọmọ ọdún 25 ni ọba yìí nígbà tó gorí ìtẹ́ lóṣù kẹrin ọdún 1960, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi wàjà lóṣù keje ọdún 2025. Ọ̀dọ́ la fi jọba, ṣé ọ̀dọ́ ò wá lè gba kọ́kọ́rọ́ ni?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ, Jagunmólú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan olórí tirẹ̀, tó ń dáwó tirẹ̀, tó ń mú aṣọ tirẹ̀, tó ń kọ́ ijó tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ṣètò tán ni wọ́n ń lọ síwájú ọba, tí wọ́n á kí i, tí wọ́n á jó. Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn: ìkíni ni tàgbà, ètò ni tẹgbẹ́.

Mi ò ní purọ́, owó ti wọ̀ ọ́ báyìí. Ẹni tó ń mu gàrí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò lè ra sányán àtìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló ń sọ èèyàn di ẹgbẹ́. Ìpàdé ni, owó dídá ni, àti ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ tí kò jẹ́ kó sọnù.

A padà ṣe alẹ́ ewì wa. Ojúde ilé tí ọ̀kan nínú wa ti háyà yàrá la tẹ́ní sí. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wá, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá lánlọ́ọ̀dù fà àga rẹ̀ sẹ́yìn wa, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tá a parí, gbogbo wa lọ dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a kí wọn.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lẹ tún ń ṣe é?"